Akọ̀, Okùn àti Ìyọsíta: Èdè-Ìperí fún Wáyà Alùpùpù Ọlọ́wọ́ Gíga

Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì bí wọ́n ṣe ń yan wáyà tuntun fún alùpùpù tí wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ ga yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn wáyà, ló ń dúró fún ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kò jọra: èyí tó ń gbé iná lọ sí họ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n ń fà láti fi darí kílọ́ọ̀ṣì tàbí tọ́rọ́tù, àti páìpù tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá. Àyálò náà ti fìdí múlẹ̀, kò sì sí ìdí láti lé e jáde. Ohun tó kù ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun mẹ́ta náà ní orúkọ tó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Ọwọ́ fúnra rẹ̀ kò nira, nítorí pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ń gun alùpùpù Harley-Davidson ti sọ ọwọ́ gíga di àṣà, ìnàkí tó fi apá rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ gíga àti ọwọ́ àtẹ̀sẹ́yìn wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ wọn wáyà, nítorí pé gíga àti títẹ̀ sẹ́yìn ló ń mú kí ọ̀nà tí wáyà ń gbà gùn sí i.

Wáyà tí wọ́n ń fà ni àlàyé rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Orúkọ Ernest Monnington Bowden, tó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1896, ni àwọn Òyìnbó fi ń pè é, orúkọ ènìyàn kò sì sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó yẹ kí a pè ní okùn ìfà. Fún ohun tó bò ó níta, èèpo ni àwọn oníṣẹ́ iná ì bá wí, ṣùgbọ́n èèpo a máa lẹ̀ mọ́ ohun tó bò; akọ̀, tó jẹ́ ilé idà, ló bá a mu jù, nítorí pé ohun inú akọ̀ ń wọlé, ó ń jáde, akọ̀ sì dúró sójú kan.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ àṣìṣe. Bí ọ̀nà bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 gùn sí i, akọ̀ àti okùn ìfà gbọ́dọ̀ jọ fi 15 gùn sí i, kí apá okùn tó yọ kúrò nínú akọ̀, ìyẹn ìyọsíta, má baà yí padà. Bí okùn nìkan bá gùn, yóò dẹ̀ jù, bí akọ̀ nìkan bá sì gùn, okùn kò ní dé ibi tí wọ́n ń fi kọ́. Láti ara dẹ̀ yìí kan náà ni ìdẹ̀ ti wá, tó ń tọ́ka sí ìwọ̀nba àyè tó wà kí okùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, nǹkan bí mìlímítà 2 sí 3 nídìí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù. Nígbà tí akọ̀ bá kúrú jù, ìdẹ̀ a tán bí wọ́n bá yí ọwọ́ dé òpin, tọ́rọ́tù a sì ṣí fúnra rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì yóò máa sáré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí tọ́rọ́tù.

Páìpù ọ́ìlì ní tirẹ̀ kò ní okùn nínú, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orúkọ wáyà pátápátá. Gígùn kan ṣoṣo ló ní, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí bíréèkì tó lè mú dáadáa.

Bí ọmọṣẹ́ bá lè kọ gígùn akọ̀, ìyọsíta àti ìdẹ̀ sórí ìwé lédè Yorùbá, tí ẹni tó ń tà á sì gbé wáyà tó bá alùpùpù náà mu fún un, èdè-ìperí yìí ti yege.