Ohun tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú: Ọ̀rọ̀ Ìgbọ̀nsẹ̀ nínú Ìṣègùn Ayurveda

Láwùjọ ọmọlúàbí, a kì í dédé dárúkọ ìgbọ̀nsẹ̀. Àdàpè ni àwa Yorùbá fi ń pè é; a óò ní ẹnì kan fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Ìtìjú yìí dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìnira. Èmi náà wà lára wọn. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa kì í jẹ́ kí ọmọ kankan jáde lọ sí ṣalángá títí agogo ìsinmi yóò fi lù. Mo kọ́ bí a ti ń mú un mọ́ra, inú mi sì le bí òkúta. Ìyá mi àgbà se àgbo ìyàgbẹ́ kan fún mi. Gbogbo òru ni mo fi ń sáré lọ, sáré bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, n kò lè dìde dúró mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé a ti kọ irú ọ̀rọ̀ mi yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Inú Charaka Samhita ni ó wà, ọ̀kan lára àwọn ìwé àgbà Ayurveda, ìmọ̀ ìṣègùn àbáláyé ilẹ̀ Íńdíà, tí a kọ ní èdè Sanskrit. Orí 7 nínú ìpín àkọ́kọ́ ìwé náà ka ohun 13 tí ara ń béèrè, tí ènìyàn kò gbọdọ̀ mú mọ́ra: ìtọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀, àtọ̀, ìsó, èébì, sísín, gígùnfẹ̀, yíyán, ebi, òùngbẹ, omijé, oorun, àti mímí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìwé náà ní ẹni tí ó bá mú ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ra, inú yóò máa run ún, orí yóò máa fọ́ ọ, ikùn rẹ̀ yóò wú, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa fà.

Àlàyé wọn ni pé agbára mẹ́ta ni ó ń ṣe àkóso ara: vata, pitta àti kapha. A lè fi vata wé afẹ́fẹ́: ó gbẹ, ó tutù, ó fúyẹ́, kì í sì í dúró sójú kan. Ẹ̀ka rẹ̀ kan, apana, ni ó ń ti ohun tí ara kò fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ, tí ó ń febi pa ara rẹ̀, tàbí tí ó ń mú ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ra, apana yóò ṣìnà. Nítorí náà, ìdàkejì ni ìtọ́jú rẹ̀: ooru, ọ̀rá àti omi. Wọn a fi òróró yànmọ̀tí ra aláìsàn lára, wọn a fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọn a sì fún un ní oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a rọ òróró tàbí omi egbòogi sí i ní ìdí.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ìwọ̀n. Charaka kò ka gbogbo ikùn sí ọ̀kan náà: ikùn rírọ̀ wà, ikùn líle wà, èyí tí ó wà láàárín sì wà. Fún ẹni tí ikùn rẹ̀ rọ̀, wàrà, omi ìrèké tàbí omi gbígbóná lásán lè tó. Ó to oògùn ìyàgbẹ́ pàápàá ní ipele. Aragvadha ni ó fi ṣe aṣáájú àwọn tí ó rọra ń ṣiṣẹ́. Oje snuhi, igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ni aṣáájú àwọn tí ó le. Ìbátan àsunwọ̀n tí àwọn oníṣègùn tiwa ń lò ni aragvadha. Làrà tí ó ń hù lẹ́yìn ilé wa náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Íńdíà ti ń lo òróró rẹ̀. Triphala, èso gbígbẹ mẹ́ta tí a lọ̀ pọ̀, ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ títí di òní.

Ní 1835, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí kíkọ́ Ayurveda ní Sanskrit College ti Calcutta, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó sílẹ̀ ní ìlú náà. Ìmọ̀ ọ̀hún kò tìtorí èyí kú. N kò wá sọ pé kí a gbé gbogbo rẹ̀ mì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn dókítà òde òní kò gba ọ̀rọ̀ vata. Àlàyé tiwọn ni pé bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ṣe pẹ́ nínú ìfun tó ni ìfun ṣe ń fa omi rẹ̀ gbẹ tó. Ní 2004, àwọn olùwádìí yẹ oògùn Ayurveda 70 tí a ń tà ní agbègbè Boston wò, wọ́n sì bá òjé, mẹ́kúrì tàbí arsenic nínú 14. Ẹni tí ó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, tàbí tí ó ń rù, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ.

Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. N kò dá ìyá mi àgbà lẹ́bi. Ewé rẹ̀ dára, ìwọ̀n rẹ̀ ni kò bá ikùn ọmọdé mu. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́, láti ọjọ́ tí a ti kọ́ mi pé kí n má ṣe dá ara mi lóhùn. Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde láàárín ìdánilẹ́kọ̀ọ́, n kì í béèrè ibi tí ó ń lọ.