Ọ̀bẹ Tó Tẹ̀ Bí Ọrun: Láti Sumatra Dé Ogun Bọ́mà

Ṣé ẹ mọ dòjé? Òun ni irin tó tẹ̀ bí ọrun tí àgbẹ̀ fi ń gé koríko tàbí ọkà. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ọ̀bẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ọ́ gan-an ni. Kerambit ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Minangkabau, ní erékùṣù Sumatra ní Indonéṣíà, ló ni ín. Ó kéré, ó tẹ̀ bí èékánná ẹkùn. Àwọn tó ń ja silat máa ń ki ìka bọ òrùka tó wà nídìí rẹ̀ kó má bàa jábọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní irinṣẹ́ oko ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ohun ìjà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àdá tiwa. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham lọ sí Elephant and Castle, tí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ óò dé Imperial War Museum ní Kennington. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni ilé náà títí di 1930. Ní 1936 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ ogun Bọ́mà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ bá àwọn ará Japan jà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Irin mẹ́ta ló pàdé nínú igbó yẹn: kukri àwọn Gurkha láti Nepal, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sínú, dah àwọn ará Bọ́mà, àti àdá ọwọ́ àwọn tiwa. (Dah àti àdá! Ẹ má sáré o, àwọn olùkọ́ wa kò ní gbà pé wọ́n bára tan. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.)

Ẹni tó ń wá ìtàn ìjà ọ̀bẹ á rò pé ọ̀tá ni wọ́n kàn ń fi àdá ṣá. Ọ̀nà ni wọ́n fi là jù. Láti Chiringa dé àfonífojì Kaladan, Dífíṣọ̀n 81 la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75, nínú igbó àti lórí òkè. Àdá, ṣọ́bìrì àti dígà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ó parí ní oṣù kìíní ọdún 1944, wọ́n sì sọ ọ́ ní West African Way.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1944, ìbọn àwọn Japan bà á létí odò Kaladan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fọ́. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, fara pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Àdá wo ló fẹ́ gbà wọ́n níbẹ̀? Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, òun náà ló fi wọ́n pamọ́ sílé ara rẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá.

Bàbá Fadoyebo kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra wọn. Yunifásítì Wisconsin-Madison tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, A Stroke of Unbelievable Luck ni wọ́n pè é. Wọ́n ń tiro títí wọ́n fi kú ní 2012.