Ta Ni Oníduúró Rẹ?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, mo ṣí ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìtàn àwọn ọjà àtijọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àròkọ tí mo fi ṣí i dá lórí Salaga, ìlú kan ní àríwá Gánà, níbi tí àwọn oníṣòwò Haúsá ti máa ń ra obì tó wá láti igbó Àṣáńtì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe ìwádìí rẹ̀. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo sì tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo tẹ àkọlé rẹ̀ sínú Google. N kò rí i. Oṣù kan kọjá, n kò rí i. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo rí i ní ojú ewé àkọ́kọ́, inú mi dùn, kí n tó kíyè sí i pé kì í ṣe ojú òpó mi ni. Iléeṣẹ́ ìròyìn kan tó ti wà lórí ayélujára tipẹ́ ló da ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì yọ orúkọ mi kúrò. Tiwọn wà ní ipò kẹta. Tèmi, tí í ṣe ìyá rẹ̀, wà ní ojú ewé kẹfà, níbi tí ènìyàn kì í sábà dé.

Mo bínú. Ẹnìkan sọ fún mi pé ojúsàájú ni, pé Google kò rí ti aláwọ̀ dúdú rò. Ẹlòmíràn ní kí n san ₦60,000 kí òun bá mi tà á sókè. N kò ní owó náà, ọ̀rọ̀ ojúsàájú náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìtàn ni mo kà gba oyè kejì ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni pé bí ètò kan bá ń ṣe ohun tí kò yé ọ, kí o lọ wo ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti ìṣòro tí wọ́n fẹ́ fi yanjú. Ohun tí mo bá pàdé lọ́nà yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé ní èdè wa.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ aṣàwárí àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Alan Emtage, ọmọ erékùṣù Barbados, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà. Ní 1990, ó ṣe Archie, tó ń kó orúkọ àwọn fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà káàkiri jọ sójú kan. Archie kò mọ ohun tó wà nínú fáìlì. Orúkọ nìkan ló mọ̀. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkan du ipò nígbà náà, torí pé ohun tó wà nílẹ̀ kò pọ̀.

Ní 1994, Jerry Yang àti David Filo, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford, bẹ̀rẹ̀ àtòjọ tó wá di Yahoo. Ènìyàn ló ń wo ojú òpó kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi í sí abẹ́ orí ọ̀rọ̀ tó yẹ, bí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ṣe ń to ìwé. Ṣùgbọ́n ojú òpó tuntun ń hù bí olú, ọwọ́ ènìyàn kò sì ká a mọ́. Ní oṣù Kejìlá 1995, iléeṣẹ́ Digital Equipment Corporation gbé AltaVista jáde, ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú ewé.

Báwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó ṣíwájú? Ọ̀rọ̀ ló ń kà. Karen Spärck Jones, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ti ṣàlàyé ní 1972 pé ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú gbogbo ìwé kò lè ràn wá lọ́wọ́ láti ya ìwé kan sọ́tọ̀. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ló wúlò. Bí o bá ń wá “ọjà Salaga”, “Salaga” ló yẹ kó wúwo ju “ọjà” lọ. Ìmọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí: ẹni tó ni ojú òpó ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn alárékérekè fi ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, lẹ́tà funfun lórí funfun, kí ojú ènìyàn má rí i, kí ẹ̀rọ sì kà á. Ẹni tó ń tajà ló tún ń jẹ́rìí sí ọjà ara rẹ̀.

Stanford kan náà ni ìdáhùn ti wá. Ní 1996, Larry Page àti Sergey Brin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní BackRub. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ ní ilé ìkàwé. Eugene Garfield, ọmọ Amẹ́ríkà, ti dábàá ní 1955 pé kí wọ́n ṣe àkójọ tó ń fi hàn ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wo ló tọ́ka sí èwo. Ní 1964, ó tẹ Science Citation Index jáde. Page àti Brin wo líǹkì tí ojú ewé kan fi ń tọ́ka sí òmíràn gẹ́gẹ́ bí irú ìtọ́kasí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá tọ́ka sí ọ ti jẹ́rìí sí ọ.

Ìṣirò tí wọ́n gbé kalẹ̀, PageRank, kò ṣòro láti lóye. Fojú inú wo ẹnìkan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ líǹkì èyíkéyìí tó bá rí, láti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn, láìní ibì kan pàtó tó ń lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò sú u, yóò sì fò lọ síbòmíràn. Ojú ewé tó bá máa ń bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀ jù lọ ló ga jù lọ. Líǹkì láti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá wúwo ju ti ẹni kékeré lọ. Bí ẹni ńlá náà bá sì tọ́ka sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àwọn ọgọ́rùn-ún náà ni yóò pín iyì rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1998, wọ́n gbé ìwé wọn kalẹ̀ níbi àpérò kan ní Brisbane, ní Ọsirélíà. Ẹ̀rọ wọn ti ka ojú ewé tí kò dín ní mílíọ̀nù 24. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi orúkọ Google sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, torí pé mo ti kọ nípa rẹ̀ nínú àròkọ Salaga láìmọ̀. Bí oníṣòwò bá ti Kánò dé Salaga, kò lè kàn tẹ́ ẹní sílẹ̀ kó máa tajà. Ilé mai gida ló ń gbà lọ, ẹni tí í ṣe onílé àti alárinà. Mai gida ló ń gbà á sílé, tó ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, tó ń bá a wá ẹni tí yóò ra aṣọ àti awọ tó gbé wá, tó sì ń dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá di àwìn. Ọjà náà ń wo bí ẹrù rẹ ṣe dára tó, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ń wo ilé ẹni tí o wọ̀ sí. Àṣà yìí kò tíì kú. Lọ wá yàrá háyà ní Àbújá tí mò ń gbé: kí o tó san owó, wọn yóò ti fún ọ ní fọ́ọ̀mù tí oníduúró méjì yóò buwọ́ lù.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Google ṣe bi ojú òpó mi léèrè pé ta ni oníduúró rẹ, n kò sì ní ẹnì kankan láti dárúkọ. Rọ́bọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Googlebot máa ń gba ojú líǹkì rìn láti ojú ewé dé ojú ewé, bí aláǹtakùn lórí òwú rẹ̀. Ohun tó bá rí, yóò kó o sínú àká. Ìgbà tí ẹnìkan bá béèrè ọ̀rọ̀ ni Google tó ń to ohun tó wà nínú àká náà. Kò sí líǹkì kankan tó wá sọ́dọ̀ mi láti ibikíbi, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí aláǹtakùn náà ìbá gbà dé. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo fi ń ráhùn pé wọ́n fi mí sẹ́yìn, wọn kò tíì mọ̀ pé mo wà láyé. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan fi líǹkì mi sí ojú òpó tirẹ̀ ni wọ́n tó rí mi. Ṣùgbọ́n ojú òpó ìròyìn tó jí iṣẹ́ mi ti ní líǹkì láti ibi púpọ̀, aláǹtakùn a sì máa yà síbẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni Google ti kọ́kọ́ ka àròkọ mi. Lójú rẹ̀, èmi gan-an ni mo jọ olè.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ojúsàájú ti padà wá sí mi lọ́kàn, ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn wo ló wà lórí ayélujára ní 1998 tí wọ́n lè dúró fún ẹlòmíràn? Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní Nàìjíríà, oṣù Kẹjọ 2001 ni fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ọ̀pọ̀ wa tó wọlé, àwọn mai gida ti jókòó. Kò di dandan kí ẹnìkan kórìíra wa kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó tètè dé ló gba àga.

Àwọn ayédèrú oníduúró tún wá fi kún ìyà àlejò. Bí ayé ti gbọ́ pé líǹkì ni owó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Wọ́n ń kọ́ ojú òpó òfìfo ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tọ́ka sí ara wọn lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2003, Google yí ìṣirò rẹ̀ padà, àyípadà tí àwọn ènìyàn sọ ní Florida, ọ̀pọ̀ ojú òpó sì pòórá ní ipò wọn. Ní oṣù Kejì 2011, Panda dé láti rẹ àwọn tí àkóónú wọn fúyẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2012, Penguin kọlu àwọn tó ń ra líǹkì. Lónìí, PageRank jẹ́ ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ ohun tí Google ń wò, bí èdè, ibi tí ẹni tó ń wá nǹkan wà, àti bí ojú ewé ṣe ń yá ṣí lórí fóònù. Ẹni tó ní kí n mú ₦60,000 wá, irú ayédèrú yìí ló fẹ́ tà fún mi.

Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ tiwa nìkan. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Tẹ “obi” láìsí àmì, kí o wo ohun tí Google yóò kó jáde: olóṣèlú kan tí gbogbo wa mọ̀, àmùrè àwọn ará Japan, orúkọ oyè Ìgbò. Obì tí mo kọ nípa rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ Spärck Jones nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ohun púpọ̀ kì í tètè rí ọ̀kan mú. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ àkọlé mi pẹ̀lú àmì, mo sì máa ń fi “obì gbànja” tàbí “Salaga” kún un, kí ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n lè wà níbẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo fi àtòjọ ojú ewé mi ránṣẹ́ sí Google fúnra mi. Láti 2005 ni ọ̀nà yẹn ti ṣí, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo kọ̀wé sí olóòtú ojú òpó tó jí iṣẹ́ mi. Kò dá mi lóhùn. Mo wá kọ̀wé sí àwọn tí iṣẹ́ wa jọra: olùkọ́ kan ní Tamale, òǹkọ̀wé Haúsá kan ní Kánò, àti ọ̀rẹ́ kan ní Kútọnu. N kò bẹ̀ wọ́n fún líǹkì. Mo fi àròkọ náà ránṣẹ́, mo béèrè ibi tí mo ti ṣì í. Olùkọ́ náà tún nǹkan méjì ṣe fún mi, ó sì fi àròkọ náà sínú àtòjọ ìwé kíkà tó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí ayélujára. Òǹkọ̀wé Kánò kọ èsì gígùn, ó tọ́ka sí mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì mi dé ipò kẹrin. Èyí tí wọ́n jí ṣì wà níbẹ̀, ní ipò keje.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà Yorùbá, tí mo kọ́kọ́ kọ, tó sì dùn mọ́ mi jù, kò sún rárá. Kò sí ẹnì kankan tó tọ́ka sí i. Mo fẹ́ bínú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí n tó rántí pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ wo tèmi. Mo ka àwọn líǹkì tó wà nínú gbogbo àròkọ tí mo ti kọ lórí ojú òpó náà. Wọ́n jẹ́ 31. Méjì péré ló lọ sí ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìyókù, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni. Èmi tí mò ń ráhùn pé n kò ní oníduúró, àwọn tó ti jókòó sórí àga ni mò ń dúró fún.

Ọ̀pọ̀ mai gida ní Salaga jẹ́ àlejò rí. Wọ́n dé, wọ́n rí ilé wọ̀ sí, nígbà tó yá wọ́n ní ilé tiwọn, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń wọ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù tó kọjá, mo padà sínú àwọn àròkọ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí mo bá ti rí i pé ẹnìkan ní Àkúrẹ́, ní Niamey tàbí ní Kumasi ti kọ ohun tó pé lórí ọ̀rọ̀ náà, mo fi líǹkì rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àwọn líǹkì náà ti di 58 báyìí, 24 nínú wọn sì jẹ́ tiwa. Àwọn kan kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Google ni yóò mọ̀.