Ihò Ńlá, Ihò Kékeré: Bí Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Gbà Dí Eyín Ṣe Yí Padà

Bí dókítà bá gbẹ́ ihò ńlá sí eyín tí àbàwọ́n dúdú bíńtín wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa á rò pé bí àrùn náà ṣe tóbi tó nìyẹn. Rárá o. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí ihò ló ń pinnu bí ihò náà yóò ṣe tóbi tó.

Greene Vardiman Black, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dókítà eyín ní Northwestern University ní Chicago, ló sọ ọ́ di òfin, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1908. Amalgam ni wọ́n ń lò, ìyẹn mákúrì tí wọ́n pò mọ́ fàdákà àti irin mìíràn. Amalgam kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Nítorí náà, wọ́n ní láti gbẹ́ ihò náà kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu lọ, bí ìkòkò, kí ó má baà já bọ́. Black tún ní kí wọ́n gbẹ́ àwọn kòtò tóóró tó wà lórí eyín náà pọ̀ mọ́ ọn, kódà èyí tí kò tíì jẹrà, torí ibẹ̀ ni àrùn á gbà padà wá.

Ẹ má fi Black ṣe yẹ̀yẹ́. Láyé ìgbà tirẹ̀, kò sí fluoride nínú ọṣẹ ìfọyín, òfin rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ eyín là. Ohun tó ń ká wa lára ni pé ìdí òfin náà lọ tán, òfin náà kò lọ. Àwa tí a ń kọ software mọ irú rẹ̀: ìlà kan wà nínú kóòdù tí ẹnikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pa á rẹ́?

Ní 1955, Michael Buonocore ní Rochester, Amẹ́ríkà, fi ásíìdì pa ojú eyín fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ojú eyín náà di gbágungbàgun, ike olómi sì dì mọ́ ọn gbagidi. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ ìgbẹ́yín tó ń fi afẹ́fẹ́ yí dóde, ju ìgbà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èwo làwọn dókítà kọ́kọ́ sáré gbà? Ẹ̀rọ ni. Ní 1972, Wilson àti Kent ní London gbé glass ionomer jáde: ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó sì ń tú fluoride sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tànsáníà ló wú wa lórí jù. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Jo Frencken àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí iná, ẹ̀rọ ò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tí eyín bá ń dùn, yíyọ ni wọ́n á yọ ọ́. Wọ́n fi irinṣẹ́ ọwọ́ ha ibi tó ti rọ̀ kúrò, wọ́n fi ibi tó le sílẹ̀, wọ́n sì fi ohun tó ń lẹ̀ dí i. Nígbà tó yá, glass ionomer ni wọ́n ń lò. Ní 1994, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbárùkù ti ọ̀nà yìí.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Bí ihò bá gba ẹ̀gbẹ́ eyín méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dídí yìí tètè ń bàjẹ́, amalgam sì ń pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ amalgam àtijọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀, ihò náà ń fẹ̀ sí i ni, títí eyín ò fi ní kù mọ́. Eyín àgbà kì í sì hù lẹ́ẹ̀kejì.

Ní 2021, glass ionomer wọ inú àkọsílẹ̀ oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kòṣeémánìí.