Àwọn Tó Sùn sí Chasselay

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe kan wà tí mo ní láti tún ṣe. Nígbà kan lórí ètò yìí, mo pe àwọn tirailleurs sénégalais ní "sójà ilẹ̀ Senegal". Olùgbọ́ wa kan ní Kútọnu fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, Dahomey wa ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Senegal ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1857, ni orúkọ bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó ọmọkùnrin lọ sógun: Mali, Guinea, Burkina Faso, àti Dahomey tí í ṣe Benin òde òní, tó ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ nínú.

Abúlé kan wà nítòsí Lyon, ní Faransé, tó ń jẹ́ Chasselay. Tí ẹ bá rí fọ́tò itẹ́ òkú kan níbẹ̀, ẹ ó rò pé Mali ni wọ́n ti yà á. Ògiri rẹ̀ pupa bí amọ̀, igi ṣóńṣó sì yọ jáde lórí àwọn igun rẹ̀. Tata ni wọ́n ń pè é, ìyẹn odi. Sójà 188 láti ilẹ̀ wa níhìn-ín ló sùn síbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, Faransé ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ogun dúró. Wọ́n ti kéde pé Lyon kò ní jà. Síbẹ̀, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ tirailleurs kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dúró sí àríwá ìlú náà, kí wọ́n má yẹsẹ̀. Wọn ò sì yẹsẹ̀. Nígbà tí apá ò ká a mọ́, ní ogúnjọ́ oṣù náà, wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Jámánì ya funfun sọ́tọ̀, wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀. Wọ́n kó nǹkan bí àádọ́ta dúdú lọ sí pápá kan, wọ́n sì fi ìbọn arọ̀jò-ọta pa wọ́n. Jámánì fúnra rẹ̀ ti tọwọ́ bọ àdéhùn Geneva ti 1929 pé a kì í pa ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ní 2020, fọ́tò tí sójà Jámánì kan yà lọ́jọ́ náà jáde síta. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tó mi.

Jean Marchiani, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn tó ti jagun rí, ló ṣa òkú wọn jọ láti abúlé dé abúlé. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé erùpẹ̀ wá láti Dakar, wọ́n sì pò ó mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, irun àti èékánná ẹni tó kú sẹ́yìn odi la máa ń gbé wálé. Ti wọn yìí, ilé ló lọ bá òkú. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá 1942 ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ogun Jámánì wọ gúúsù Faransé.

"Inconnu" ló wà lára ọ̀pọ̀ òkúta níbẹ̀: a ò mọ̀ ọ́n. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọṣẹ́ ogun mọ̀ ọ́n.

Ní 2022, wọ́n gbé orúkọ 25 sókè níbẹ̀. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùgbọ́ wa ní Kútọnu. Ó ní òun ń fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, òun ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.