Kíkọ́ módẹ́ẹ̀lì ayàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ilé

Kíkọ́ módẹ́ẹ̀lì ayàwòrán ni kí èèyàn mú ẹ̀rọ AI tó ti mọ àwòrán yà, kó sì fi àwòrán díẹ̀ tó ṣà fúnra rẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ojú ẹnì kan, ọnà ayàwòrán kan tàbí irú aṣọ kan. Láti ọdún 2022, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tí káàdì GPU rẹ̀ lágbára lè ṣe é nínú yàrá rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìtàn

Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni ilé iṣẹ́ NVIDIA gbé módẹ́ẹ̀lì ayàwòrán StyleGAN jáde. Minne Atairu, oníṣọ̀nà ọmọ Nàìjíríà tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pè ní Igùn ní 2020. Àwòrán àwọn ère idẹ Benin tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897 ló fi kọ́ StyleGAN. Igùn ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ idẹ fún ààfin Benin. Ohun tí iṣẹ́ náà ń bi wá ni irú ère tí ìbá jáde láti 1897, ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Ovonramwen kúrò lórí oyè, títí di 1914 tí ọmọ rẹ̀, Eweka Kejì, gorí ìtẹ́.

Ní August 22, 2022, módẹ́ẹ̀lì ayàwòrán Stable Diffusion jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Nínú oṣù yẹn kan náà ni àwọn olùwádìí Google àti Yunifásítì Boston kọ̀wé lórí ọgbọ́n ìkọ́ni tí wọ́n pè ní DreamBooth, tó fi hàn pé àwòrán mẹ́ta sí márùn-ún tó láti kọ́ ẹ̀rọ ní ohun tuntun. LoRA, ọgbọ́n tí àwọn olùwádìí Microsoft gbé kalẹ̀ ní 2021 fún módẹ́ẹ̀lì ọ̀rọ̀, ló wá sọ iṣẹ́ náà di ti ilé: kì í fọwọ́ kan módẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, ìwọ̀nba òǹkà kékeré tó so mọ́ ọn nìkan ló ń kọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Àwòrán bí ogún sí ọgbọ̀n ni ọ̀pọ̀ máa ń kó jọ. Wọ́n á kọ àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kékeré. Ẹ̀rọ á da wúruwùru bo àwòrán títí ojú rẹ̀ yóò fi dàrú, á wá máa díwọ̀n wúruwùru náà kó lè yọ ọ́ kúrò. Ibi tó bá ti ṣì í, á tún òǹkà rẹ̀ ṣe. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá kọ́ ọ jù, àwòrán tí a fún un gan-an ni á máa dá padà.

Àlàyé àwòrán ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tí a bá kọ, ẹ̀rọ á yà á sọ́tọ̀. Ohun tí a kò bá kọ á lẹ̀ mọ́ orúkọ tí à ń kọ́ ọ. Ká ní ogún àwòrán àlàárì ni a kó jọ, tó sì jẹ́ pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ló wọ gbogbo wọn. Bí a kò bá kọ "gèlè" àti "ìlẹ̀kẹ̀" sínú àlàyé, ẹ̀rọ á gbà pé ara àlàárì ni wọ́n. Ẹni tí kò bá sì mọ ẹtù yàtọ̀ sí sányán á kọ́ ẹ̀rọ ní àṣìṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí apá tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú Stable Diffusion àkọ́kọ́ fi kẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn máa ń já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun èlò àti iná

Káàdì GPU RTX 3060 tó ní ìrántí (VRAM) 12GB, tó ń fa iná wáàtì 170, tó fún LoRA. Bí odindi kọ̀ǹpútà bá fa wáàtì 300 fún wákàtí méjì, iná 0.6 kWh ló jẹ. Ní iye owó tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, kéde ní April 2024 fún Band A, ìyẹn àwọn oníbàárà tó ń rí iná jù, 225 náírà fún kWh kan, ó jẹ́ 135 náírà nígbà náà. Bí iná bá lọ lójijì, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ ti ṣòfò. Ó yẹ kí ẹ̀rọ máa fi iṣẹ́ pamọ́ lóòrèkóòrè.

Àríyànjiyàn òfin

Ilé ẹjọ́ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ẹ̀dà iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú módẹ́ẹ̀lì. Ní November 2025, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ nínú ẹjọ́ láàárín Getty Images, ilé iṣẹ́ tó ń ta àwòrán, àti Stability AI tó gbé Stable Diffusion jáde, pé Stable Diffusion kì í ṣe ẹ̀dà tó rú òfin. Lóṣù yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ kan ní Munich ní Jámánì sọ nípa ọ̀rọ̀ orin pé módẹ́ẹ̀lì lè ní ẹ̀dà nínú. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà ti 2022 fàyè gba ìlò ara ẹni àti ìwádìí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ AI. Ẹni tó bá fẹ́ fi aṣọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn kọ́ módẹ́ẹ̀lì, kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì kọ orúkọ aṣọ náà bí ahunṣọ ṣe ń pè é.