Ìdánwò Iyè ní Ìdíkàn: Ipa Èdè Yorùbá nínú Ìtàn Purotéènì Kan

Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn onílù bàtá, inú iyè ni oríkì ń gbé kí ó tó dé ojú awọ. Bí iyè àgbà onílù bá ra, òun nìkan kọ́ ni ó pàdánù; ìdílé àti ìlú pàdánù pẹ̀lú. A máa ń sọ nípa irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé ó ń ṣarán. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ yìí láàrin Yorùbá, èdè ni wọ́n kọ́kọ́ ní láti tún ṣe.

Ní 1906 ni Alois Alzheimer, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti ra. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà títí di òní. Ní 1993, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé purotéènì kan, apolipoprotein E, tí ń gbé ọ̀rá kiri nínú ara àti ọpọlọ, ní í ṣe pẹ̀lú àrùn yìí. Ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: E2, E3 àti E4. Amínò ásíìdì 299 ni a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan péré, èyí tí ó wà ní ipò 112, ni ó ya E3 sọ́tọ̀ sí E4. Èyí kò lè ya olùkọ́ Yorùbá lẹ́nu, nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya iyè sọ́tọ̀ sí ìyè. Kí wọ́n lè rí purotéènì yìí lò nínú yàrá ìwádìí, àwọn onímọ̀ a máa fi jíìnì ènìyàn sínú bakitéríà, kí bakitéríà náà máa pèsè rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí nínú ìgò kò tó; a ní láti mọ bí E4 ti ń ṣe sí ènìyàn láwùjọ.

Ní 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàrin àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ẹni 2,494 tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n yẹ̀ wò ní Ìdíkàn.

Ìṣòro ńlá kan wà. Ìdánwò iyè tí ó gbajúmọ̀ jù, tí Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1975, ní kí ènìyàn kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò sì lọ sí ilé-ìwé. Bí àgbà bá kùnà irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ṣé àrùn ni, tàbí àìmọ̀wé? Nítorí náà ni wọ́n ṣe lo ìdánwò mìíràn tí kò béèrè kíkà tàbí kíkọ. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì tún un tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ìtumọ̀ ti yí. Wọ́n bi àgbà ní ìbéèrè, wọ́n sì bi ìbátan rẹ̀ bóyá ó ṣì ń ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìdánwò yìí ni ó jẹ́ kí èsì tí ó tẹ̀lé e ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1995, ọdún tí Ọ̀ṣúntókun kú, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé E4 kò ṣọ̀wọ́n láàrin Yorùbá, àwọn kò rí ìsopọ̀ láàrin rẹ̀ àti àrùn náà. Ní 2001, wọ́n fi hàn pé 1.15 nínú 100 ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 2.52 ní Indianapolis. Ìwádìí tí ó jáde ní 2014 tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: ẹni tí ó jogún E4 láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá wà nínú ewu, ní Ìbàdàn pàápàá.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa olùdánwò. Bí ìbéèrè bá wọ́, kò sí bí èsì yóò ti tọ́, ìbáà jẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tàbí nínú yàrá ìwádìí. Kí a tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kò mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè bóyá ohun tí a fẹ́ wọ̀n gan-an ni a wọ̀n.